Láptọ́ọ̀pù ọdún 2008 ṣì lè ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́: ibi tó yẹ kí ẹ náwó sí, àti ibi tí kò yẹ

Ìbéèrè

"Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo ní Lenovo ThinkPad X200 kan tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti London. RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB, háàdì dísìkì rẹ̀ jẹ́ 160GB, Windows 7 ló sì wà lórí rẹ̀. Tí mo bá tàn án, mo lè lọ pọnmi kí n tó padà wá bá a pé ó ti ṣetán. Chrome ní òun kò gba àtúnṣe mọ́, ìkànnì báǹkì mi kì í sì ṣí dáadáa. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe kò ju kí n tẹ ètò ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò pẹ̀lú àmì ohùn, kí n ṣírò máàkì, kí n ka ímeèlì, kí n lo WhatsApp, kí n sì wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí YouTube. Ẹnìkan ní kí n jù ú nù. Ẹlòmíì ní òun á bá mi fi Windows 11 sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ìdáhùn

Ẹ má gbọ́ ti ọ̀kankan nínú wọn. Láptọ́ọ̀pù yín kò tíì tó ohun à-jù-nù, Windows 11 kò sì lè gbé orí rẹ̀.

X200 jáde lọ́dún 2008. Prosẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni Intel Core 2 Duo P8400 tàbí P8600, 64-bit sì ni. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀, fídíò nìkan ló lè mú prosẹ́sọ̀ yìí láàgùn. Ohun tó ń fún yín láàyè láti pọnmi dé ni RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó kéré àti dísìkì tó ń yí. Bí 2GB bá ti kún, Windows á máa kó ẹrù inú RAM lọ sórí dísìkì, á sì tún máa kó o bọ̀. Dísìkì tó ń yí ní apá kan tó gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí nǹkan wà kó tó lè kà á, kò sì lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD, ìyẹn dísìkì tí a fi ṣíìpù ṣe, kò ní apá tó ń rìn, nítorí náà èyí tó rọjú jù lọ́jà pàápàá ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín àsìkò kan náà. Ẹ wo iná kékeré tó dúró fún dísìkì lára láptọ́ọ̀pù yín nígbà tó bá ń fà. Bó bá ń ṣẹ́jú láìsinmi, àrùn tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.

Ẹni tó ń sọ Windows 11 ń tan ara rẹ̀ ni. Microsoft ní TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò kan) àti prosẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè ni àwọn fẹ́. Àwọn onítúnṣe máa ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí ẹ̀dà 24H2 tó jáde ní 2024, ọ̀nà ẹ̀bùrú ti dí fún Core 2 Duo, nítorí pé Windows fúnra rẹ̀ ti ń lo àwọn àṣẹ prosẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní SSE4.2 àti POPCNT. Wọn kò dá méjèèjì mọ́ Core 2 Duo, kò sì sí onítúnṣe tó lè fi wọ́n kún un. Ẹ̀rọ náà kò ní tàn wọlé rárá.

Ní ti Windows 7, ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni àtúnṣe ààbò rẹ̀ parí. Chrome 109 ti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni Chrome ìkẹyìn tó gbà á. Ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà báǹkì kankan sórí rẹ̀ mọ́ láti òní. Windows 10 lè wọlé sórí X200, àmọ́ àtúnṣe tirẹ̀ náà parí fún gbogbogbòò ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà kò sí ìdí láti fi owó àti àsìkò ṣòfò lé e. Linux ló kù, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ó sì tó fún iṣẹ́ yín. Mo dábàá Linux Mint 22, èyí tó ní ojú fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Xfce. Ọdún 2029 ni àtúnṣe rẹ̀ máa parí, ojú rẹ̀ sì jọ Windows àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ti lo Windows 7 kò ní ṣìnà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ dán Mint wò láti orí fíláṣì. Kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lórí dísìkì yín, òun ló sì máa sọ fún yín bóyá láptọ́ọ̀pù náà yẹ ní ohun tí èèyàn ń ná owó lé lórí. Fíláṣì 8GB tó. Ẹ gba fáìlì Mint Xfce wálẹ̀ láti ìkànnì àwọn tó ṣe é. Fáìlì náà wúwo, ẹ wá ibi tí Wi-Fi wà. Ètò kan tó ń jẹ́ Rufus ni ẹ ó fi gbé e sórí fíláṣì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń há: Rufus 4 kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, Rufus 3.22 ló parí sí i. Ẹ lo ẹ̀dà yẹn tàbí kí ẹ yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Nínú Rufus, ẹ mú MBR, nítorí pé X200 kò mọ UEFI, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà tuntun fi ń tàn. Bí ẹ bá fi GPT, tí í ṣe ti UEFI, sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láptọ́ọ̀pù yín á ṣe bí ẹni pé kò rí fíláṣì náà.

Ẹ ki fíláṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ F12 bí orúkọ ThinkPad bá ti yọ. Ẹ mú USB HDD. Pẹ̀lú RAM 2GB, yóò lọ́ra, ẹ mú sùúrù. Bó bá ti ṣí, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi. Bí kò bá rí Wi-Fi rárá, ẹ wá bọ́tìnì kékeré tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn lára àpótí rẹ̀ kí ẹ tó pe onítúnṣe. Àìmọye X200 tí wọ́n sọ pé Wi-Fi rẹ̀ ti kú, bọ́tìnì yẹn ni ẹnìkan pa láìmọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé káàdì Wi-Fi kú lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta káàdì mìíràn fún yín láti ki bọ inú rẹ̀. BIOS ThinkPad ìgbà yẹn, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí nínú ẹ̀rọ, ní orúkọ àwọn káàdì tó fọwọ́ sí. Èyí tí kò bá sí nínú orúkọ náà, á kọ 1802 sójú ẹ̀rọ, kò sì ní ṣí. Wi-Fi kékeré tó ń wọ ihò USB ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ fi wáyà USB so fóònù yín mọ́ ọn, kí ẹ sì tan USB tethering. Linux á rí i láìbéèrè nǹkan kan.

Lórí fíláṣì yẹn kan náà, ẹ ṣí ètò tó ń jẹ́ Disks, ẹ mú dísìkì 160GB, kí ẹ wo SMART Data, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera dísìkì náà. Ìlà méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ kà níbẹ̀: Reallocated Sector Count (iye ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò) àti Current Pending Sector Count. Bí ìkejì bá ju òdo lọ, àwọn ibì kan wà lórí dísìkì tí kò ṣeé kà mọ́. Ẹ kó fáìlì yín kúrò lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Iná tó wà lẹ́yìn ojú X200 jẹ́ irú gílóòbù gígùn tín-ín-rín. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tó wá ń funfun díẹ̀díẹ̀, gílóòbù náà ti ń lọ. Ó ṣì lè lò tó oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òun ló ń bọ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ ra RAM.

Ibẹ̀ ni owó ti máa ń wọgbó jù, nítorí náà ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. X200 ní ihò RAM méjì. DDR3 SO-DIMM ni, irú RAM kékeré ti láptọ́ọ̀pù, wọ́n máa ń kọ PC3-8500S sára rẹ̀. Ó ń gba 8GB, ìyẹn 4GB méjì. Ìṣòro tó wà ni pé olórí ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń darí RAM, tí wọ́n ń pè ní GM45, kò lè ka ṣíìpù RAM tó ju 2Gbit lọ. RAM 4GB tí a fi irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù dúdú 16, mẹ́jọ lójú kan, mẹ́jọ lójú kejì, ẹ ó sì rí 2Rx8 lára lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀. RAM 4GB tuntun tó pọ̀ lọ́jà ní ṣíìpù mẹ́jọ péré, 1Rx8 ni wọ́n kọ sí i. Ó máa wọ ihò dáadáa, ẹni tó tà á kò sì parọ́ pé DDR3 ni, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù yín á dúdú, á dákẹ́. Ẹ yí i wò lójú méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní àwọn ọjà kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ mìíràn, èyí tí wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù ọdún 2009 tàbí 2010 ló sábà máa ń bá a mu, ó sì rọjú ju tuntun lọ. Ẹ gbé X200 náà lọ, kí wọ́n ki RAM bọ̀ ọ́ lójú yín. DDR2 kò lè wọ ihò yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá tì í.

Bí owó kò bá tó fún méjì, ẹ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ 2GB kan ló dá wà nínú ihò kan, tí ìkejì ṣófo, ẹ fi 2GB mìíràn kún un. 4GB tó fún ohun tí ẹ sọ. 8GB ń jẹ́ kí ẹ lè gbàgbé ọ̀rọ̀ RAM ni. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán.

SSD ló kàn. 2.5-inch SATA ni ẹ ń wá, 120GB tàbí 240GB. Kì í ṣe M.2, kì í ṣe NVMe, irú SSD tí kò bá ihò rẹ̀ mu. Ọ̀nà tó wà láàárín dísìkì àti pákó ńlá inú X200 (motherboard) jẹ́ SATA 3Gb/s, nítorí náà SSD olówó ńlá kò ní sáré ju èyí tó mọ níwọ̀n lọ nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni irọ́. SSD 1TB tàbí 2TB tí orúkọ rẹ̀ kò ní àpèjá, tí owó rẹ̀ kéré ju ti 240GB gidi lọ, sábà máa ń jẹ́ káàdì mẹ́mórì kékeré kan tí wọ́n fi sínú àpótí, tí wọ́n sì kọ́ láti máa purọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀. Fáìlì á wọlé, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ á ti sọnù. Tí ẹ bá ń fura, ètò kan tó ń jẹ́ f3 ń kọ nǹkan kún dísìkì títí á fi kún, á sì tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀.

Ìdérí dísìkì wà ní ẹ̀gbẹ́ X200, síkúrù kan ló dì í mú. Ẹ fa dísìkì àtijọ́ jáde, ẹ yọ rọ́bà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n sára SSD. SSD tín-ín-rín díẹ̀ ju dísìkì àtijọ́ lọ, 7mm sí 9.5mm, rọ́bà yẹn ni kò ní jẹ́ kó máa mì. Ẹ má ta dísìkì àtijọ́. Ẹ ra àpótí USB kékeré fún un, kó di ibi tí ẹ̀dà kejì àwọn fáìlì yín á máa wà, bí SMART rẹ̀ bá mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ kàn kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Fífi Mint sí i kò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú: F12, fíláṣì, Install Linux Mint, Erase disk. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ rò sí, ìyẹn bóyá kí ẹ ti dísìkì pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Core 2 Duo kò ní àṣẹ AES-NI tó ń mú ìtìpa bẹ́ẹ̀ yá, nítorí náà SSD á lọ́ra díẹ̀ sí i. Fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà lásán, mo lè ní kó fi í sílẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn ọmọ kiri lórí ọ̀kadà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ tì í pa.

Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe. Ẹ lọ sí Window Manager Tweaks, ẹ wọ Compositor, kí ẹ sì pa á. Òjìji àti ìdánmọ́rán fèrèsé ni ẹ ó pàdánù. Ẹ lọ sí Session and Startup, ẹ yọ ohun tí ẹ kò lò kúrò nínú àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ, bíi Bluetooth bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ ń fi í so. Ìkẹta ni zram, ó sì ṣe pàtàkì ju méjì yòókù lọ bí RAM yín bá jẹ́ 4GB. Ó ń tẹ ohun tó wà nínú RAM kó kéré sí i, kí ó tó di pé wọ́n ń kó o lọ sórí SSD. Ẹ ṣí Terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ:

sudo apt install zram-tools
sudo nano /etc/default/zramswap

Nínú fáìlì tó bá ṣí, ẹ kọ ALGO=lz4 àti PERCENT=50, láìsí àmì # níwájú wọn. Ẹ fi Ctrl+O àti Enter tọ́jú rẹ̀, ẹ fi Ctrl+X jáde, kí ẹ sì tẹ:

sudo systemctl restart zramswap

Mo yan lz4 nítorí pé kì í jẹ prosẹ́sọ̀ lágbára. zstd ń tẹ nǹkan kéré jù ú lọ, ṣùgbọ́n Core 2 Duo ni yóò san owó rẹ̀.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, Firefox tó bá Mint wá ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó, sí i kó tó di pé ẹ ṣí ìkànnì kankan. Kì í ṣe ti ìpolówó tó ń bí ni nínú nìkan. Ìpolówó lórí ìkànnì ìròyìn kan lè wúwo ju ìròyìn náà fúnra rẹ̀ lọ, dátà yín ló ń jẹ, RAM yín ló ń gbé. Ẹ máa ṣí táàbù márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ má ṣí ogún. Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ tẹ about:processes síbi àdírẹ́sì, ẹ ó rí táàbù tó jẹ̀bi. WhatsApp Web sábà máa ń wà lókè. Ẹ ṣí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ pa á lẹ́yìn náà, fóònù ló yẹ fún ìyókù. Ìpè fídíò lórí Zoom tàbí Google Meet, ẹ fi sórí fóònù pátápátá. X200 lè gbé ohùn ìpàdé, ṣùgbọ́n ojú èèyàn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà á mú un kú sára.

YouTube ní ìṣòro tirẹ̀. Fídíò tó ń fi ránṣẹ́ sí Firefox sábà máa ń jẹ́ VP9 tàbí AV1, irú ìdìpọ̀ fídíò tí X200 kò ní ẹ̀yà kankan láti tú. Prosẹ́sọ̀ nìkan ló ń tú u, ibẹ̀ ni fáànù ti máa ń pariwo tí àwòrán sì máa ń gé. YouTube ṣì ní fídíò kan náà ní H.264, tó fúyẹ́ púpọ̀ fún un. Ẹ fi àfikún tó ń jẹ́ enhanced-h264ify sí Firefox, yóò máa béèrè ti H.264, kí ẹ sì fi ìwọ̀n rẹ̀ sí 480p. Ojú X200 kò ju 1280 lọ́nà 800 lọ, nítorí náà 1080p kò ní fi nǹkan kan kún un ju kó jẹ dátà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lè fi mpv (ètò tó ń gbé fídíò) àti yt-dlp (ètò tó ń fà á wá láti YouTube) wò ó láìṣí Firefox, ṣùgbọ́n yt-dlp tó wà nínú Mint máa ń tètè gbó nítorí pé YouTube kì í dúró lójú kan. Ètò mìíràn tó ń jẹ́ pipx ni kí ẹ fi gbé e wọlé, kí ẹ lè máa sọ ọ́ di tuntun.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn wá kàn, èyí tó yẹ kí inú yín dùn sí jù. Kò sí ohun tí ẹ máa rà. Ẹ lọ sí Settings, Keyboard, Layout, ẹ yọ àmì kúrò nínú Use system defaults, ẹ tẹ Add, kí ẹ wá English (Nigeria). Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Hausa àti Igbo. Ẹ fi í kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ má fi í rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì yan bọ́tìnì tí ẹ ó fi máa pààrọ̀ láàárín méjèèjì. Bí lẹ́tà kan bá ṣòro rí, LibreOffice Writer, ètò ìkọ̀wé inú Mint, ní ọ̀nà mìíràn: ẹ tẹ nọ́ńbà lẹ́tà náà, kí ẹ sì tẹ Alt+X. 1eb9 á di ẹ, 1ecd á di ọ, 1e63 á di ṣ. Fún àmì ohùn, ẹ kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà, kí ẹ tẹ U+0301 tẹ̀ lé e fún òkè tàbí U+0300 fún ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tẹ Alt+X. U+ yẹn ni kì í jẹ́ kí Writer da lẹ́tà tó wà níwájú pọ̀ mọ́ nọ́ńbà náà. Ó gùn fún ojú ìwé kan, ṣùgbọ́n ó ń gba ni sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan.

Ọ́ àti ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiwọn. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn tó gun orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n kó pọ̀ á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sórí lẹ́tà tó kàn. DejaVu àti Noto, tó sábà máa ń wà nínú Mint, ń kó wọn pọ̀ dáadáa. Ibi tí ìbéèrè ìdánwò ti máa ń bàjẹ́ ni ilé ìtẹ̀wé: ẹ gbé fáìlì Word lọ, kọ̀ǹpútà wọn kò ní fọ́ǹtì yín, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, gbogbo àmì sì yẹ̀. Ẹ má gbé Word lọ. Nínú Writer, ẹ lọ sí File, Export As, kí ẹ sọ ọ́ di PDF. PDF ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, ohun tí ẹ rí nílé ni wọ́n máa tẹ̀ jáde. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá fi Word ránṣẹ́ sí yín tí ìlà rẹ̀ kò dúró bó ṣe yẹ, ẹ fi fọ́ǹtì Carlito àti Caladea sí i. Ìwọ̀n lẹ́tà wọn bá Calibri àti Cambria mu, ìlà á sì padà sí àyè rẹ̀.

Iná. Ẹ kò sọ nǹkan kan nípa bátìrì, ṣùgbọ́n bátìrì tó ti bá X200 wá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ní ẹ̀mí púpọ̀ mọ́. Láptọ́ọ̀pù náà ń ṣiṣẹ́ láìní bátìrì rárá, lórí ṣájà 20V tó jẹ́ 65W tàbí 90W, ṣùgbọ́n bí NẸPA bá mú iná, iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú lọ nìyẹn. Nínú LibreOffice, ẹ lọ sí Tools, Options, Load/Save, General, kí ẹ fi AutoRecovery, tó ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ ra bátìrì, èyí tó ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà jẹ́ 10.8V, nǹkan bíi 56Wh. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ki í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ:

upower -i $(upower -e | grep BAT)

Ẹ fi energy-full (agbára tó lè gbà báyìí) wé energy-full-design (èyí tó ní nígbà tó ṣì tuntun). Bí ìkínní kò bá tó ìdajì ìkejì, ògbólógbòó tí wọ́n yí àpótí rẹ̀ padà ni, ẹ dá a padà. Bátìrì tó bá wú, ẹ má gbà á rárá, àní lọ́fẹ̀ẹ́.

Bátìrì kékeré mìíràn wà nínú rẹ̀, CR2032 tó ní wáyà, tó ń mú aago dúró. Bó bá kú, ẹ ó máa rí 0271 tàbí 0251 nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé aago tó padà sí ọdún àtijọ́ ló ń mú kí gbogbo ìkànnì sọ pé kò sí ààbò. Ìwé ẹ̀rí ìkànnì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kọ̀ǹpútà tó rò pé 2008 la ṣì wà kò lè gbà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara ohun tó ń ṣe ìkànnì báǹkì yín náà. Ẹ wo aago rẹ̀ lónìí.

Ooru náà wà níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń di ẹnu fáànù títí atẹ́gùn kò fi ní lè jáde mọ́. Ẹ fi igi tín-ín-rín di fáànù mú kó má yí, kí ẹ sì fẹ́ eruku jáde. Fáànù tí atẹ́gùn líle bá mú yí lásán lè bàjẹ́. Ẹ gbé lm-sensors, ètò tó ń wọn ooru, wọlé, kí ẹ tẹ sensors. Bó bá ń kọjá 90°C nígbà tí ẹ bá ń wo fídíò lẹ́yìn tí ẹ ti fẹ́ ẹ tán, thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru kúrò) tó wà lórí prosẹ́sọ̀ ti gbẹ, kí onítúnṣe pààrọ̀ rẹ̀. Bí Fan error bá yọ lójú ẹ̀rọ, fáànù gan-an ló ti kú, ẹ̀rọ náà kò sì ní gbà kí ẹ ṣí i.

Ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí nìyí. RAM àti SSD, ó tán. Bátìrì bí ẹ bá rí èyí tó dára. Bó bá jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ àti fáànù jọ ń béèrè owó, tàbí pákó inú rẹ̀ ti ń kú lójijì, ẹ má ná an mọ́. Ẹ wo iye tí X230 tàbí T430 tókunbọ̀ ń lọ lọ́jà. Ọdún 2012 ni wọ́n jáde, wọ́n ní USB 3.0, prosẹ́sọ̀ wọn sì yára jìnnà sí ti yín. Bí àpapọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ rà fún X200 bá ti kọjá ìdajì owó yẹn, ẹ ra ìyẹn. SSD yín á bá yín lọ: ẹ yọ ọ́, ẹ ki í bọ inú rẹ̀, ẹ wọ BIOS rẹ̀ kí ẹ fi UEFI/Legacy Boot sí Both tàbí Legacy. Mint tí ẹ fi sórí X200 á ṣí níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo fáìlì àti kíbọ́ọ̀dù Yorùbá yín.